Búta Pupa Tó Yadi

Kó, kó, kó.

Oríkèé ìka Yèyé ló ń dún lára ìkòkò yẹn. Wọ́n di ojú, wọ́n tẹ etí sí ẹnu ìkòkò bí ẹni pé ẹnìkan ń bá wọn sọ̀rọ̀ àṣírí nínú rẹ̀. Obìnrin tó ń tà á dúró, ó di ọ̀já ìdí rẹ̀ mú. Àwọn méjì tí wọ́n ń ná iyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa dákẹ́. Èmi náà dákẹ́, n kò tilẹ̀ mí dáadáa, bẹ́ẹ̀ ìkòkò ọbẹ̀ lásán la wá rà. Yèyé tún kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n la ojú, wọ́n ní, "Ó dáhùn. Gbé e fún mi." Onítọ̀hún mí kanlẹ̀. Kí a tó kúrò níbẹ̀, ènìyàn mẹ́ta ti tò láti ra èyí tó kù.

Bí ọjà Òkè-Ìmẹ̀sí ṣe rí fún mi nìyẹn nígbà tí n kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ní àwọn ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí a gba òmìnira. Yèyé ni ìyá tó bí bàbá mi. Tísà ni bàbá mi, Ìjerò ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ìgbà ọlidé nìkan ni wọ́n ń wálé. Ọ̀dọ̀ Yèyé ni wọ́n fi mí sí kí n máa pọn omi, kí n sì máa gbálẹ̀, nítorí pé orúnkún ti ń bá Yèyé jà. Kí orúnkún náà tó bẹ̀rẹ̀ ìjà rẹ̀, ìkòkò ni wọ́n ń tà. Wọ́n ń rù ú láti abúlé àwọn amọ̀kòkò wá sílé, ọ̀nà jíjìn ni, kò sì sí ẹni tó fẹ́ ru èyí tó ti sán lábẹ́lẹ̀. Ìkòkò tó sán a máa dún bí ẹni tí ikọ́ ń ṣe. Èyí tó pé a máa ké bí agogo. Nígbà tí wọ́n fi òwò ìkòkò sílẹ̀ tí wọ́n ń ta obì lẹ́nu ọ̀nà, oríkèé ìka yẹn kò mọ̀ pé òun ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ń kan iṣu, wọ́n ń kan abọ́ páànù, wọ́n ń kan pákó àga. Ohun tí kò bá dáhùn, wọn kì í rà á.

Èrò wọn sì wà lórí gbogbo nǹkan. Bàbá mi mú búrẹ́dì wá láti Ìjerò, Yèyé fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó wọlé, ó tún jáde. Wọ́n ní, "Afẹ́fẹ́ ni wọ́n dì fún ọ, tísà. Ó dùn ún rù." Wọ́n sì jẹ ìlàjì rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n wo ṣẹ́ẹ̀tì náílọ́nù tí bàbá mi fi ń ṣoge, wọ́n ní aṣọ tí kì í mu òógùn, ta ló fẹ́ kó bá òun mu ún? Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa ń fi dígí dúdú bojú lọ́sàn-án gangan, wọ́n ní bí ó bá jẹ́ òkùnkùn ló ń wù ú, kó ṣe sùúrù, alẹ́ ń bọ̀. Nígbà tí bàbá mi gbé rédíò dé, tí gbogbo ilé yí i ká, Yèyé kàn án lórí lẹ́ẹ̀mẹta. Rédíò ń bá ìròyìn rẹ̀ lọ. Wọ́n ní, "Èyí ń dáhùn kí á tó bi í." Wọn kò sì tún fi ọwọ́ kàn án mọ́ títí tó fi bàjẹ́.

Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbà á gbọ́. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ra nǹkan tó gba owó gidi, àdògán ni o, àpótí ni o, ọ̀dọ̀ Yèyé ni yóò kọ́kọ́ gbà. "Yèyé ti kàn án" tó láti fi ta ọjà ní àdúgbò wa. Mo máa ń rìn lẹ́yìn wọn lọ́jọ́ ọjà bí ẹni pé èmi ni mo ni ìka náà.

Lọ́dún kan, ní àkókò ọyẹ́, awakọ̀ lọ́rì tí ilé rẹ̀ dojú kọ tiwa gbé ìyàwó dé láti Ìbàdàn. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹnu rẹ̀ mọ́, ẹ̀rín kò sì wọ́n ọn. Ní ìlú wa nígbà náà, "o" ni tọmọdé tàgbà ń sọ fún ara wọn, kò sì sí ẹni tó kà á sí àrífín. Ìyàwó yìí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Ẹ" ló ń sọ fún gbogbo ènìyàn. Mo tilẹ̀ gbọ́ ọ tó ń sọ fún ewúrẹ́ pé kí wọ́n jọ̀wọ́ kúrò nídìí èlùbọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ wá kí Yèyé, tó kúnlẹ̀ tó ní ẹ kú ilé, ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Yèyé wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n fi ohùn ìlú wa ní, "Ùyàwó, èmi nìkan ṣoṣo rèé o. Kí ló dé tó o ń kí mi bí ẹni pé a pọ̀?" Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Ọjà ló kó wá pẹ̀lú ara rẹ̀. Lọ́jọ́ tó pàtẹ rẹ̀ síwájú ilé, gbogbo àdúgbò ló yọjú. Rọ́bà ni. Bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa, abọ́ aláwọ̀ ewé, ife aláwọ̀ búlúù, àti búta tí àwa Mùsùlùmí fi ń ṣàlùwàlá, tí wọ́n ń dán yinrin nínú oòrùn. Òórùn tuntun kan ń jáde lára wọn tí n kò gbọ́ rí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Èmi tí mò ń fi garawa páànù pọn omi gun òkè lójoojúmọ́, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rọ́bà kan wò, ó fẹ́ẹ̀ pa mí lẹ́kún: kò wúwo ju ìwé kíkà mi lọ.

Ṣùgbọ́n ọkọ ìyàwó kò fẹ́ òwò náà. Aṣọ méjì ni ìyàwó ti tà nínú àpótí ìgbéyàwó rẹ̀ kó tó rí rọ́bà wọ̀nyí kó, inú sì ń bí ọkọ rẹ̀. Etí gbogbo wa ló ti sọ ọ́ lójúde pé bí ọjà náà bá ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí Iléyá bá dé, kí ó gbé agbọ̀n, kó máa bá ìyá òun lọ sóko kòkó. Ìyàwó, ọmọ tí wọ́n bí sínú ọjà Ìbàdàn! Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń to ife sínú ife.

Àwọn obìnrin ń fọwọ́ kan rọ́bà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbé e sílẹ̀. Àwọn mélòó kan ra abọ́ kéékèèké. Àwọn yòókù ń bi ara wọn pé, "Yèyé ti kàn án?"

Ní ìrọ̀lẹ́, Yèyé fi ọ̀pá wọn sọdá títì. Wọ́n mú búta pupa kan, wọ́n yí i sọ́tùn-ún sósì, wọ́n di ojú. Pọ̀. Wọ́n tún kàn án. Pọ̀. Pọ̀. Wọ́n gbé e padà sáàyè rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ó yadi," wọ́n ní.

Wọn kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò sì fi ibi sọ ọ́. Àmọ́ Ìyá Onírù, aládùúgbò wa tí ohùn rẹ̀ kì í gbé inú ilé kan, wà nítòsí, ó sì gbọ́. Lọ́jọ́ kejì kò sí ẹni tó yà síbi rọ́bà mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, bákan náà. Ìyàwó ń jí, ó ń pàtẹ, ó ń nu eruku ọyẹ́ kúrò lára wọn, ó ń kó wọn wọlé.

Lọ́jọ́ kẹrin ni ó gbé búta pupa yẹn wá bá wa. Ó kúnlẹ̀ síwájú àtẹ obì.

"Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ó sùn lọ́dọ̀ yín fún ọjọ́ méje. Ẹ máa fi ṣàlùwàlá. Bí ó bá pé ọjọ́ méje tí ẹ bá ṣì ní kò dára, màá kó agbọ̀n, màá lọ sóko, n kò ní bínú sí yín."

Yèyé wò ó. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ rẹ dáhùn. Gbé e kalẹ̀."

Bí odi náà ṣe di ará ilé wa nìyẹn. Odi ni Yèyé sọ ọ́. "Odi, ó yá, àsùbáà ti tó." "Odi, má da omi sí mi láṣọ." Búta páànù àtijọ́, tí alágbẹ̀dẹ kan ti rọ fún wọn kí wọ́n tó bí mi, wà lórí pẹpẹ, ó ń wò wá. Ẹni tó bá mọ ọyẹ́ ìlú wa, tó ń bọ́ láti orí àwọn òkè yẹn wá bá èèyàn ní kùtùkùtù, yóò mọ̀ pé ọwọ́ búta páànù a máa já ènìyàn jẹ. Ọwọ́ odi kì í jáni jẹ. Ó fúyẹ́ fún ọrùn ọwọ́ wọn tó ń dùn wọ́n, kì í sì í jo lẹ́nu. Lọ́jọ́ kẹta tí odi dé ọ̀dọ̀ wa, mo ká wọn mọ́ ibi tí wọ́n ti ń fi odi wọ́n omi sí ewé obì, tí wọ́n ń kọrin lábẹ́ imú.

"Yèyé, ó dára àbí kò dára?"

"Kò tí ì pé ọjọ́ méje. Jẹ́ kí n gbọ́ràn."

Wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ti mọ ìdáhùn. Mo sáré lọ dúró síwájú àtẹ rọ́bà, mo fi ojú yan bọ́kẹ́ẹ̀tì tí yóò jẹ́ tèmi.

Ọjọ́ kẹfà ni ọyẹ́ wá mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èéfín ń jáde lẹ́nu wa bí a bá ti ń sọ̀rọ̀. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bọ̀, mo gbọ́ tí Yèyé jáde sí ilé ìdáná, tí wọ́n ń kùn pé omi yìí yóò pa àgbà. Ìgbà tí omi bá tutù báyìí, ohun tí wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà ọmọge wọn ni pé kí wọ́n bu omi sínú búta, kí wọ́n gbé e sórí ààrò, kó lọ́ díẹ̀. Oorun ṣì wà lójú wọn. Ọwọ́ wọn ló ṣe é, kì í ṣe ọpọlọ wọn. Wọ́n bu omi sínú odi, wọ́n gbé e ka ẹyin iná, wọ́n wọlé wá tẹ̀súbáà wọn.

Òórùn ló kọ́kọ́ jí mi, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ṣìì! Nígbà tí mo fi dé ilé ìdáná, búta pupa ti jókòó. Ìdí rẹ̀ ti tẹ́, imú rẹ̀ ti tẹ̀ sílẹ̀, omi ti dà pa iná, èéfín dúdú sì gba gbogbo àjà. Yèyé dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́.  

Kí a tó ṣí fèrèsé, Ìyá Onírù ti wọlé. Ó wo ààrò, ó wo odi, ó ké, "Áà! Rọ́bà ti gbiná! Mo sọ ọ́! Yèyé ti sọ ọ́!" Ó sì ti jáde lọ kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Nígbà tí a fi kírun tán, ọ̀rọ̀ ti dé ìsàlẹ̀ ìlú. Wọ́n ní rọ́bà náà ń jó fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ó fẹ́ẹ̀ jó ilé mọ́ Yèyé lórí. Láti ẹnu ọ̀nà wa ni mo ti ń wo àwọn tó ra abọ́ tí wọ́n ń gbé e padà lọ bá ìyàwó, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ìyàwó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, kò sunkún, ṣùgbọ́n ó ti fi ọwọ́ méjèèjì gbá ara rẹ̀ mọ́ra. Ọkọ rẹ̀ ti gbé agbọ̀n oko síta.

Yèyé jókòó sórí àpótí, odi wà lórí ẹsẹ̀ wọn. Ojú ń tì wọ́n. Èmi náà mọ̀ ọ́n, inú mi sì bàjẹ́ fún wọn, nítorí pé ta ló mọ nǹkan tó Yèyé? Bí ọmọdé bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọn yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́ di ọdún tó ń bọ̀.

Mo sún mọ́ wọn, mo rọra ní, "Kò sẹ́ni tó rí ọ, Yèyé. Àbí kí n ní èmi ni mo gbé e ka iná?"

Wọ́n wò mí. "Wọ́n á nà ọ́ lásán, irọ́ á sì tún kù tí a ó máa bọ́. Ta ló fẹ́ bọ́ irọ́ nínú ọyẹ́ yìí?" Wọ́n dìde. Wọ́n ká gèlè wọn, wọ́n fi ṣe òṣùká, wọ́n gbé odi tó ti wó náà lérí bí ìgbà tí wọ́n ń ru ìkòkò. Wọn kò mú ọ̀pá. Èjìká mi ni wọ́n dì mú, a sì sọdá títì ní ìṣojú gbogbo ènìyàn.

Àwọn obìnrin yà fún wa. Ìyá Onírù ní, "Ẹ wò ó, Yèyé ti mú un wá fún un!" Ìyàwó kúnlẹ̀, kò gbé ojú sókè.

Yèyé sọ ẹrù wọn kalẹ̀ sáàárín rọ́bà. Odi ti tutù, ó ti dì gbagidi. Wọ́n ká ìka, wọ́n kàn án.

Kó.

Ẹnu ya gbogbo wa. Wọ́n tún kàn án. Kó, kó.

"Ẹ gbọ́ ọ? Ó ti ń sọ̀rọ̀," wọ́n ní. "Ó ní èmi ni mo gbé òun ka uná."

Wọ́n gbé odi sókè kí gbogbo ènìyàn rí ìdí rẹ̀ tó ti tẹ́.

"Èmi ni. Ọwọ́ ara mi ni. Oorun wà lójú mi, mo ṣe bí ẹni pé búta páànù ni." Wọ́n yíjú sí Ìyá Onírù. "Ùwọ, bí o bá gbé ugbá ka uná, tó jó, ṣé ugbá ló jẹ̀bi?"

"Ta ló ń gbé ugbá ka uná?" ni Ìyá Onírù wí.

"Èmi. Èmi àgbàlagbà. Ùkòkò ló wà fún uná, ugbá ló wà fún omi. Àbúrò ugbá nìyí, mo wá ń kàn án bí ùkòkò. Ọjọ́ tí mo ní ó yadi, èmi ni mo yadi, n kò bi í pé uṣẹ́ kí ló wá ṣe."

Ìyá Onírù ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ló bá di ti gbogbo ènìyàn. Yèyé náà ń rẹ́rìn-ín, ara wọn ń mì. Wọ́n ra búta mìíràn, aláwọ̀ búlúù, wọ́n sì san ti pupa náà. Ìyàwó bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n má san án, wọ́n ní, "Mo ti jẹ ẹ́, màá san án." Lẹ́yìn náà ni wọ́n tọ́ka sí bọ́kẹ́ẹ̀tì kan, kì í ṣe èyí tí mo ti fi ojú yàn, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ jiyàn. Mo gbé e lérí, mo sì sáré lọ sódò láìsí ẹni tó rán mi.

Kí Iléyá tó dé, àtẹ ti ṣófo. Ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀ ló fi lọ́rì kó ọjà èkejì bọ̀ láti Ìbàdàn, ó sì ń sọ fún gbogbo èèyàn pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Odi di ohun tí Yèyé fi ń di ilẹ̀kùn mú kí afẹ́fẹ́ má baà gbá a. Ẹni tó bá béèrè ohun tó jẹ́, wọ́n á ròyìn gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́, wọ́n á sì kàn án kí àlejò gbọ́. Láti ìgbà náà, wọn kì í kan nǹkan tuntun mọ́ kí wọ́n tó bi ẹni tó ń tà á pé, "Uṣẹ́ kí ló wá ṣe?"

Odi wà lọ́dọ̀ mi báyìí ní Adó, lójú fèrèsé ilé ìdáná. Èmi náà di tísà, mo ti fẹ̀yìn tì, mo sì ní èrò lórí gbogbo nǹkan ju Yèyé lọ. Lọ́dún tó kọjá, mo ra ẹ̀rọ ìlọta lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ọjà. Kò lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ó jóná. Mo sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí, mo sọ ọ́ níbi tí a ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì, pé ẹ má rà lọ́wọ́ ọmọ yẹn, ayédèrú ló ń tà. Wọ́n sì gbọ́ tèmi. Ìgbà tó yá ni ọmọ-ọmọ mi ka ìwé tó wà nínú páálí rẹ̀. Ó ní, "Màmá, wọ́n ní ata tútù ló wà fún. Ẹ̀yin lọ iṣu gbígbẹ nínú rẹ̀."

Mo pa á mọ́ fún ọjọ́ méjì. Kò sẹ́ni tó rí mi. Lọ́jọ́ kẹta, mo ń fọ abọ́, ọwọ́ mi ṣèèṣì kan odi lójú fèrèsé. Kó.

Mo nu ọwọ́ mi. Mo ká gèlè mi, mo fi ṣe òṣùká, mo gbé ẹ̀rọ náà lérí, mo sì gba àárín ọjà kọjá ní ọ̀sán gangan lọ síbi àtẹ ọmọ náà. Àwọn tó mọ̀ mí ń pè mí lọ́tùn-ún lósì, pé Màmá Tísà, kí lẹ rù yẹn?

"Ẹ̀bi mi ni," mo ń dá wọn lóhùn, mo sì ń rẹ́rìn-ín lọ.